Ìrukọ̀, ibùsọ̀, àti ẹrù tí a ó dì: èsì sí Ẹ̀gbọ́n wa ní Minnesota

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Fún ẹni tí kò bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀: Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Minnesota fẹ́ kó àwọn ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí sọ́hùn-ún lọ sí Boundary Waters, lẹ́nu ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ tù ni wọn yóò wọ̀, inú àgọ́ ni wọn yóò máa sùn, kò sì sí mọ́tò tí yóò gbé wọn láti adágún kan dé òmíràn. Ó ní kí á bá òun fi Yorùbá kọ ìwé ohun tí oníkálukú yóò dì, kí àwọn ọmọ náà lè fi kọ́ èdè. Bàbá Olùkọ́ ní Ìkọ̀lé dá orúkọ rẹpẹtẹ fún un. Àǹtí wa ará Ìkẹ́rẹ́ ta ko bí ìdajì wọn. Ó kan èmi náà láti Adó níbí.

Ẹnìkan ti béèrè pé kí ló kan ará Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìbéèrè náà kò burú. Odò Ọ̀ṣun tí ayé ń wọ́ lọ bọ ní Òṣogbo, Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà. Àmọ́ kó tó di odò tí ọkọ̀ lè rìn lórí rẹ̀, ó ti fi wá sílẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ títu ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí á fi lé àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé Ẹ̀gbọ́n délẹ̀ yóò rí i pé bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ náà ni wọ́n ń rù ú. Ẹrù rírù nìyẹn, lórí àpáta àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ta ló tún fẹ́ kọ́ ará Èkìtì níyẹn?

Ohun tí wọ́n ń pè ní portage ni mò ń sọ. Adágún kan kò kan èkejì, ilẹ̀ ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ óò kó ẹrù jáde, ẹnìkan óò da ojú ọkọ̀ dé, yóò gbé e ka èjìká, orí rẹ̀ óò wọnú ọkọ̀ lọ, yóò sì máa tọ ọ̀nà tóóró inú igbó títí dé etí omi kejì. Àwọn yòókù óò ru àpò. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn óò tún padà wá kó èyí tó ṣẹ́kù. Bàbá Olùkọ́ pe èyí ní "ìgbé-ọkọ̀-la-ilẹ̀-kọjá". Ẹ má bínú, sà, gbólóhùn lèyí. Ọmọ tó ń mí hẹlẹ lábẹ́ ọkọ̀ kò ní pè é tán kó tó ṣubú. Àǹtí ní kí á pè é ní "ìgbọ́kọ̀". Ó kúrú, ó sì dùn lẹ́nu, àmọ́ etí yóò gbọ́ ọ bíi pé ẹnìkan ń gbọ́ ìró ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "gbé" kò sọ ibi tí ẹrù wà lára ẹni. À ń gbé àwo, à ń gbé ọmọ, a tún ń gbé ìyàwó.

Ìrukọ̀ lèmi mú wá. Bí tù àti ọkọ̀ ṣe di tukọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni rù àti ọkọ̀ yóò di rukọ̀. Atukọ̀ wà tẹ́lẹ̀, arukọ̀ dé bá a. Ọ̀nà inú igbó náà sì di ọ̀nà ìrukọ̀. "Ẹ tukọ̀ dé èbúté, ẹ rukọ̀ dé omi": ọmọdé lè fi gberin. Àwa tó ń sọ Èkìtì óò pè é ní ùrukọ̀, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé tí a sì ń pe igbá ní ugbá, kò sì sẹ́ni tí yóò bá wa jà.

Àǹtí ti sọ pé ti orí ni rù, pé èjìká ni ọkọ̀ yìí wà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń ru ẹrù, ẹ̀yìn ló fi ń rù ú. Ràkúnmí náà ń rù. Ohun tí rù ń sọ ni pé ìwúwo nǹkan ti bọ́ sí ẹni lára, ọrùn àti eegun ẹ̀yìn ti mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ tí wọ́n fi Kevlar ṣe, ìyẹn okùn àtọwọ́dá kan tó fúyẹ́ tó sì le, wúwo tó bíi kílò 20. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe máa ń lé ní 30. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ẹrù rírù, a jẹ́ pé kí la ó pe ẹrù? Ní ti ẹni tó ní bí òun bá gbọ́ ìrukọ̀, mọ́tò tó kọṣẹ́ tí wọ́n ń fi kátápílà gbé lòun óò rò, ẹ rántí pé ọkọ̀ omi ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ọkọ̀. Mọ́tò yá orúkọ náà lò ni.

Igi tó dábùú inú ọkọ̀, èyí tó ń bọ́ sí èjìká, Bàbá pè é ní àjàgà. Ó bá a mu. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù méjì wà lára igi náà kí ó má baà bó èjìká, ìwé Ẹ̀gbọ́n sì dá a kọ lọ́tọ̀ nítorí pé ó ṣeé tú kúrò. Bàbá ní "ìrọ̀rí èjìká". Kí ló dé tí a fi ń wá ìrọ̀rí kiri nígbà tí òṣùká wà nílẹ̀? Aṣọ la fi ń ká a, ewé la fi ń ká a, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń gba ẹrù kó tó kan ara. Òṣùká àjàgà, ó parí.

Ibi tí mo fẹ́ kí á jókòó sí díẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà ìrukọ̀. Lórí máàpù Boundary Waters, wọn kì í fi máìlì tàbí mítà wọ̀n ọ́n. Rod ni wọ́n ń lò, ẹsẹ̀ bàtà 16 àbọ̀, tí 320 rẹ̀ jẹ́ máìlì kan. Bàbá Olùkọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pá. Bí a bá wo ìwé atúmọ̀ èdè nìkan, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ni àwọn ìyá wa fi ń ta aṣọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré sì ni ọ̀pá aṣọ. Ọmọ tó bá ka "ọ̀pá 100" tó mú u sí ọ̀pá aṣọ yóò rò pé 300 ẹsẹ̀ bàtà lòun fẹ́ rìn lábẹ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ 1,650 ló wà níwájú rẹ̀. Irú ìtumọ̀ báyìí lè pa ọmọ ẹni lẹ́kún. Níwọ̀n bí rod kan kò ti fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí gígùn ọkọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ ní "ìdábùú ọkọ̀"... rárá, ìdábùú jẹ́ ti ìbú. "Gígùn ọkọ̀ 100" ni kí á kọ. Ojú lè rí i.

Ìwọ̀n àtijọ́ kan tún wà tó dáa ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó awọ ẹranko nínú igbó yẹn láyé ọjọ́un, àwọn elédè Faransé tí wọ́n ń pè ní voyageurs, ìdì méjì ni ẹnìkan sábà máa ń rù lẹ́ẹ̀kan, ìdì kọ̀ọ̀kan sì tó kílò 40. Ọ̀já kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ sí iwájú orí. Bí ọ̀nà bá gùn, wọn kì í rù ú tán lẹ́ẹ̀kan. Wọn óò sọ̀ ọ́ sí ibì kan, wọn óò padà lọ kó ìyókù. Ibi tí wọ́n ń sọ ẹrù sí yìí ni wọ́n ń pè ní pose, iye rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ka bí ọ̀nà ṣe gùn tó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibùsọ̀ nìyẹn! Ibi tí a ti ń sùn ni ibùsùn, ibi tí a ti ń jókòó ni ibùjókòó, ibi tí a ti ń sọ ẹrù ni ibùsọ̀. Àwọn baba ńlá wa àti àwọn ará Kánádà yẹn kò rí ara wọn rí, síbẹ̀ ọrùn tó ń dùn wọ́n kọ́ wọn ní ìṣirò kan náà. Bàbá ti fèsì pé ibùsọ̀ ti di máìlì nínú ìwé, pé àwọn mìíràn tún ń lò ó fún ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, kí á má tún dà á rú. Sà, máìlì ní orúkọ rẹ̀, máìlì náà ni. Kìlómítà náà ní tirẹ̀. Ibùsọ̀ nìkan ni kò rí iṣẹ́ rẹ̀ gidi ṣe mọ́ láti ìgbà tí mọ́tò ti gba ẹrù lórí wa. Níhìn-ín ó ti tún rí i. "Ọ̀nà ìrukọ̀ oníbùsọ̀ mẹ́ta": ẹni tó bá ka èyí ti mọ iye ìgbà tí òun óò sinmi.

Aginjù ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi í túmọ̀ wilderness nínú àkọlé ìwé náà. Ó ti pẹ́ tí Bíbélì ti gbẹ omi inú ọ̀rọ̀ yẹn tán. Ọmọ Ísírẹ́lì rìn ín fún 40 ọdún, omi mímu ni wọ́n ń wá. Adágún tó wà ní Boundary Waters lé ní 1,000. Ẹgàn ni kí á lò, igbó tí ọwọ́ àgbẹ̀ kò kàn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1964 fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá sọ pé ibi tí èèyàn ti jẹ́ àlejò tí kì í dúró gbé ni. (Ẹgàn tiwa ní Èkìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di oko kòkó tán, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà.) Ẹ kàn ṣọ́ra fún àmì o: ẹ̀gàn ni ẹ máa kọ bí ẹ bá fi àmì sí i ju bó ṣe yẹ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí náà ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé ẹrù. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i, pé kí wọ́n mú "aje meji fun oko kookan", kí wọ́n sì fi ẹyọ kan lé e. Àjẹ̀ ni Yorùbá ń pe igi tí a fi ń tukọ̀, ó wà nínú Bíbélì, ìwé Ìsíkíẹ́lì. Ṣùgbọ́n bí òbí kan bá ka ti Ẹ̀gbọ́n bó ṣe wà yẹn, àjẹ́ méjì fún ọkọ kọ̀ọ̀kan ló máa rí, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì: Bàbá ní "ẹ̀wù ìdóòlà-ẹ̀mí". Kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là bí wọ́n bá fi í tẹ́ ìdí ọkọ̀ jókòó. A ní àwọ̀tẹ́lẹ̀, a ní àwọ̀lékè. Àwọ̀léfòó ni kí èyí máa jẹ́, kí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n wọ̀ ọ́. Báàgì ẹ̀yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní báàgì ẹ̀yìn. "Àpò àpọ̀n" tí ẹnìkan dá lábàá, ọbẹ̀ tó ń yọ̀ ló mú wá sí mi lọ́kàn. Àpò tí a ń ká ẹnu rẹ̀ kí omi má baà kan aṣọ, Àǹtí pè é ní "àpò àìwọmi", àmọ́ ìyẹn ni àpò tó kọ̀ láti wọnú omi. Omi-ò-wọ̀ ni mo fara mọ́.

Agolo ni kí Ẹ̀gbọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Òfin ibẹ̀ kò gba oúnjẹ inú agolo tàbí ohun mímu inú ìgò. Sadíìnì kò lọ, tòmátò alágolo kò lọ, mílíìkì olómi kò lọ. Gaàrí, ẹ̀pà àti kúlíkúlí inú ọ̀rá ń lọ, wọ́n sì fúyẹ́ ní ọ̀nà ìrukọ̀. Òfin náà kò tún gbà ju èèyàn 9 àti ọkọ̀ 4 lọ nínú ọ̀wọ́ kan.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tó wà níbí, ẹ ti dákẹ́ jù. Kí lẹ ń pe ẹni tó jókòó síwájú ọkọ̀, kí lẹ sì ń pe ti ẹ̀yìn tó ń darí? Bàbá ti kọ "awakọ̀ kìíní" àti "awakọ̀ kejì" síbẹ̀, bíi ti bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Èkó. Ẹ gbà wá kí Ẹ̀gbọ́n tó tẹ ìwé náà.