Ojú àgbò mi ń ṣomi, ọ̀kan ti ń funfun

Alágbò Ìṣẹ́yìn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àgbò mẹ́fà ni mò ń sìn de Iléyá. Láti ìjẹta ni ojú òsì ọ̀kan ti ń ṣomi, gbogbo irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló tutù, bí oòrùn bá sì ti mú, ṣe ló máa ń dijú. Lónìí, nǹkan funfun ti bo àárín ẹyinjú náà. Òmíràn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ipin. Àwọn méjèèjì ṣì ń jẹun. Aládùúgbò mi ní kí n fẹ́ iyọ̀ lílọ̀ sí i lójú. Kí ni kí n ṣe? Ẹ mọ̀ pé àgbò tójú rẹ̀ fọ́ kò ṣe é pa fún Iléyá.

Bàbá Onímàlúù: Omi tábà ni àwa ń ta sójú màlúù. Ó ń pa aran tó bá wà níbẹ̀.

Màmá Dókítà Ẹran: Bàbá, ẹ má bínú, òótọ́ ni pé aran máa ń gbé ojú màlúù, eṣinṣin ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n oògùn aran là ń lò fún un. Iyọ̀, tábà, kẹrosíìnì, gbogbo wọn ń jó ojú tó ti légbò tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ níbẹ̀.

Ọmọ mi, kó o tó ra oògùn kankan, yẹ ojú náà wò dáadáa. Mú àgbò náà lọ sí ibòji, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Fi omi sísè tó ti tutù fọ ipin kúrò, kó o tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà láti ẹ̀gbẹ́. Fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Wo igun tó wà lápá imú: ìpéǹpéjú kẹta wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni èèpo ẹ̀wà àti koríko máa ń há sí. Bó bá jẹ́ ojú kan lára ẹran kan ṣoṣo, nǹkan tó há ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Bó bá ti ń ràn, àpólò ẹran ni. Àwọn kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Mycoplasma tàbí Chlamydia ló sábà ń fà á lára àgbò àti ewúrẹ́.

Tún wo ẹnu àti imú wọn. Bí ikun bá ń dà, tí egbò wà lẹ́nu, tí ara ń gbóná, tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, kata (àrùn PPR tó ń ran àgbò àti ewúrẹ́) nìyẹn, kì í ṣe ọ̀ràn ojú. Pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Alágbò Ìṣẹ́yìn: Ẹ ṣeun, Mà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí èèpo kankan. Ẹnu wọn mọ́, ara wọn ò gbóná. Mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé funfun yẹn máa lọ?

Màmá Dókítà Ẹran: Ó sábà máa ń lọ, àmọ́ ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ra oògùn ojú tetracycline, ti inú túùbù, fi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kó o sì fọ ọwọ́ kó o tó fọwọ́ kan òmíràn. Èyí tó bá ní dexamethasone tàbí hydrocortisone, má rà á, ó lè jẹ́ kí egbò náà lu ẹyinjú. Kó ìgbẹ́ wọn dànù kí eṣinṣin lè dín kù. Bó o bá rí iṣan pupa tíntìntín tó ń wọ inú funfun náà láti etí ẹyinjú, má fòyà, ó ń san nìyẹn. Bí àárín rẹ̀ bá jin tàbí tó yọ síta, dókítà ló kàn. Bí wọ́n bá wá gún un ní abẹ́rẹ́ oxytetracycline, ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò pé kó o dúró kí wọ́n tó pa ẹran náà jẹ, kó o sì kà á dé ọjọ́ Iléyá. Bí ọjọ́ yẹn ò bá tíì pé, má tà á fún ẹni tó fẹ́ pa á.