Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí wọ́n ń lé mi síta nígbà abẹ́rẹ́

Ẹ kú àdúrótì o. Èmi ni mo kọ̀wé síbí lọ́jọ́sí pé nílé ìwòsàn, tí wọ́n bá fẹ́ wá iṣan ọmọ mi láti gún un lábẹ́rẹ́, ọmọ ọdún 4 tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ṣe ni wọ́n máa ń ní kí n bọ́ síta, tí mo sì ní kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìmọ̀ràn yín tó ṣiṣẹ́ ni pé kí n lọ bá mátírọ́ọ̀nù láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀, kí n má bá nọ́ọ̀sì kankan fa ọ̀rọ̀. Mátírọ́ọ̀nù náà gbọ́ mi yé. Mo gbé ọmọ lé itan, ó kọjú sí mi láyà, mo gbá a mọ́ra, nọ́ọ̀sì sì di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Mo ń ki í lóríkì títí wọ́n fi lẹ abẹ́rẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ tán. Ó sunkún o, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gún un. Ìgbà tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni!

Ìpara tó ń pa ìrora ojú awọ kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, a rí i rà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ bíi wákàtí kan kó tó ràn, àwọn nọ́ọ̀sì kì í sì í sábà dúró dè é.

Ti bàbá rẹ̀ tí kì í ráyè wọlé wá wò ó ló kù. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lé àlejò, aago méje lòun ń ti ibiṣẹ́ dé. Dókítà ní òun á bá wọn sọ ọ́. Orí àga onípákó lèmi náà ṣì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi nílé ìwòsàn.

Ẹ ṣeun gan-an.