Kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń da yúríà olómi sí ẹsẹ̀ àgbàdo: kí ni kò jẹ́ kí ìṣàn rẹ̀ dọ́gba?

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Éékà kan àgbàdo ni mo ní lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Sẹ̀ǹtímítà 75 ni àlàfo ìlà sí ìlà, 25 ni ti igi sí igi; ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí, ó sì ti ga dé orúnkún, nítorí náà àkókò láti fún un ní yúríà, ajílẹ̀ oníhóró funfun, ti tó. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ni a fi wọ́n ọn sórí ilẹ̀, òjò sì kọ̀, kò rọ̀ títí ọjọ́ mẹ́sàn-án fi kọjá. Ìrì ń sẹ̀ sí i lálaalẹ́, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ́nà wọlẹ̀, àgbàdo náà sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé n kò fún un ní nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu lọ́dún yìí pé màá pò ó mọ́ omi. Kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 ni mo fọ̀ mọ́, mo fi irin gbígbóná lu ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo de táàpù oníke mọ́ ọn, mo sì fi rọ́bà tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀ bóyá ó tẹ́jú bọ ẹnu táàpù náà. Orí báàrò ni kẹ́ẹ̀gì wà. Àbúrò mi ń tì í, èmi sì di ẹnu rọ́bà mú lára ọ̀pá kan kí omi lè máa dà sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ àgbàdo.

Ìṣòro mi ni pé bí kẹ́ẹ̀gì bá kún, omi a máa tú jáde gan-an, bí a bá sì fi máa dé ìlà karùn-ún tàbí ìkẹfà, ó ti di tín-ín-rín. Mo ń ṣí táàpù sí i, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi ń díwọ̀n rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí igi kan ń rí gbà ju èkejì lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ajílẹ̀ NPK 15-15-15 (náítírójìn, fọ́sífétì àti pọ́táṣì) tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, ó sì dí rọ́bà pa. Àwọn ewé mélòó kan tí omi náà ta sí ti jó létí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Alátùn-únṣe Ọ̀yọ́

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Iṣẹ́ yín dára, ohun kan ṣoṣo ni ó kù ún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ti NPK. Hóró NPK tí a ń tà lọ́jà kì í yọ́ tán nínú omi; fọ́sífétì inú rẹ̀ lọ́ra láti yọ́, ohun tí wọ́n sì fi mọ ọ́n di hóró yóò sùn sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ìgbà tí a bá ń gbìn ni kí ẹ lò ó, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Yúríà ní tirẹ̀ máa ń yọ́ pátápátá. Ẹ ó tilẹ̀ rí i pé omi náà a tutù nígbà tí ẹ bá ń rò ó, tí ara kẹ́ẹ̀gì a sì máa làágùn bí ìgò tí a yọ nínú fíríìjì, nítorí pé yúríà ń fa ooru mọ́ra bí ó ṣe ń yọ́. Bí ó bá tutù báyìí, kò ní tètè yọ́ mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó tún rò ó.

Ní ti ìṣàn, gíga omi láti ojú rẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu rọ́bà níbi tí ó ti ń jáde ni ó ń tì í. Bí gíga yìí bá kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìṣàn yóò kù sí ìdajì. Kẹ́ẹ̀gì yín wà lórí báàrò, ẹnu rọ́bà kò sì fi bẹ́ẹ̀ relẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà bí omi ti ń fà nínú rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń lọ. Ará Faransé kan tí ó ń jẹ́ Edme Mariotte, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìgò tí ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì yín náà sì lè di irú ìgò bẹ́ẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí.

Ẹ lu ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà ní ihò kan, kí ẹ ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó le bọ inú rẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kí ó kan táàpù. Ẹ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́, ẹ fi wé ibi tí páìpù ti wọlé, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù dí i. Ẹ fi rọ́bà kan náà tẹ́ abẹ́ ìdérí kí ó lè mú pinpin. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ráàyè wọlé níbòmíràn bí kò ṣe inú páìpù yẹn. Bí ẹ bá ṣí táàpù, omi inú páìpù ni yóò kọ́kọ́ fà tán, lẹ́yìn náà ẹ ó máa gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń hó gúlú-gúlú jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ìdí páìpù ni omi fi ń wọn gíga ara rẹ̀, kì í ṣe ojú omi mọ́, ìṣàn yóò sì dọ́gba títí omi yóò fi sọ̀ dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ híhó náà, afẹ́fẹ́ ń rọ́nà mìíràn wọlé nìyẹn. Bí ó bá ku bíi lítà 3, ẹ ti táàpù kí ẹ tó ṣí ìdérí, kí ẹ sì da òmíràn lé e.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu rọ́bà máa wà ní ìwọ̀n gíga kan náà láti ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ so ó mọ́ ọ̀pá yẹn dáadáa. Bí ẹ bá ń gbé e sókè sódò, ẹ ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ó wá ku ìwọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ fi àpò yúríà kílò 50 kan ṣe éékà kan, kílò 23 náítírójìn ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ po kílò 10 sínú àgbá, kí ẹ wá bu omi sí i títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jẹ́ lítà 50. Ẹ má ṣe wọn lítà 50 omi kí ẹ tó da yúríà sí i, nítorí pé yúríà náà ń gba ààyè. Ìgbà márùn-ún ni ẹ ó po irú èyí. Pẹ̀lú àlàfo tí ẹ sọ, ìlà tí ó gùn ní mítà 50 yóò gba bíi lítà 2.3. Ẹ bu omi lásán sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ rin ìlà kan bí ẹ ṣe máa ń rìn, kí ẹnì kan wo aago. Lẹ́yìn náà ẹ dúró sójú kan, ẹ gbe omi sínú ike fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi rin ìlà náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ máa yí táàpù títí yóò fi jẹ́ lítà 2.3, kí ẹ sì fi ìṣó ha àmì sára táàpù níbẹ̀.

Omi yìí le gan-an. Ìbú ọwọ́ kan sí ẹsẹ̀ àgbàdo ni kí ó máa bọ́ sí, kò gbọdọ̀ kan ewé rárá.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Èmi kì í ṣe àgbàdo, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ni mò ń gbìn létí odò ní ìhà Abẹ́òkúta, ìgbẹ́ adìẹ sì ni mò ń lò. Mo máa ń di í sínú àpò ìrẹsì, màá so ó rọ̀ sínú àgbá omi bí ẹni so tíì, màá sì máa rò ó lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí, màá fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Asẹ́ ọ̀gì kò tó o. Mo ti lò ó rí, ìyẹ́ adìẹ wẹ́wẹ́ ni ó bá mi lálejò nínú tánkì. Ìdí ẹ̀fọ́ nìkan ni mo ń da omi náà sí, nítorí pé ènìyàn ni yóò jẹ ewé rẹ̀.

Tánkì ìfínko lítà 16 tí a ń gbé sẹ́yìn ni mo fi ń ṣe é. Mo yọ ẹnu tí ó ń fọ́n omi kúrò, mo sì fi rọ́bà kúkúrú bọ ibẹ̀, kí ó máa ṣàn dípò kí ó máa fọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ lo tánkì tí wọ́n ti fi fín oògùn apako. Mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ó ti tó. Tòmátò mi 200 ni ewé wọn lọ́ mọ́ra láàárín ọjọ́ mélòó kan bí ìgbà tí iná rà wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tí ó so èso tí mo lè gbé lọ sọ́jà. Láti ìgbà náà ni mo ti ra tèmi, mo sì fi ọ̀dà kọ AJÍLẸ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà.

Àti pé bí ẹ bá ń sin ewúrẹ́, ẹ má ṣe fi omi yúríà sílẹ̀ láìdé. Bí ewúrẹ́ bá mu ún, kíákíá ni í kú.

Bàbá Àgbẹ̀-Àgbà

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni mo fi ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí oríṣiríṣi ẹ̀rọ àfọwọ́ṣe. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé o ti ro ti omi? Lítà 250 fún éékà kan, ta ni yóò pọn ọ́n? Bí odò bá jìnnà sí oko rẹ, òwò àdánù ni.

Ohun tí ó bá yúríà rẹ jẹ́ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe pé ó jẹ́ hóró, bí kò ṣe pé o kò bò ó. Yúríà tí ó bá wà lórí ilẹ̀ tí ìrì ń sẹ̀ sí máa ń di ámóníà, ìyẹn gáàsì kan, atẹ́gùn a sì gbé e lọ. Ti olómi náà lè lọ bẹ́ẹ̀, bí o bá dà á sórí ilẹ̀ tí ó ti gbẹ, tí kò sì wọlẹ̀. Fi ẹnu ọkọ́ ya ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ìlà, da á sínú rẹ̀, kí o sì fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ bò ó. Bí o bá fẹ́ lo hóró, gírámù 2 àti díẹ̀ ni ó kan igi kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò àpò kan fún éékà kan. Wá òṣùwọ̀n, kí o wo igi mélòó ni yúríà inú ìdérí ìgò omi kan yóò tó; níbi tí mo ti dán an wò, igi méjì ni.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀, lórí ebè ẹ̀fọ́ tí a ń bomi rin tẹ́lẹ̀, níbẹ̀ ni mo ti fara mọ́ olómi pátápátá. Omi tí ìwọ yóò pọn náà ni, ajílẹ̀ kàn bá a lọ ni.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, odò kan ń ṣàn ní ẹ̀yìn oko mi, kò tó 100 mítà, nítorí náà omi kò ni mí lára.

Mo ti ṣe páìpù náà. Lánàá ni mo fi omi lásán dán an wò: ìlà kìn-ín-ní gba lítà 2.3, ìlà kẹjọ gba 2.2. Mo rò pé ìdérí ṣì ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, torí náà mo ti tún un dí. Àbúrò mi tí ó ń ti báàrò ni ó kọ́kọ́ gbọ́ híhó náà, ó ní kẹ́ẹ̀gì ń sọ̀rọ̀. Nǹkan kan wà tí mo ṣàkíyèsí: bí báàrò bá fo lórí gbòǹgbò, omi a máa ta gìrì lẹ́ẹ̀kan kí ó tó padà sípò, nítorí náà a ti kọ́kọ́ ro ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo fi yúríà olómi ṣe ìlà 10, mo sì ń ya ilẹ̀, mo ń bò ó gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ìlà 10 tí ó tẹ̀ lé e, hóró ni èmi àti ìyá mi fi ìdérí ìgò bù sí i, a sì bò ó pẹ̀lú. Iṣẹ́ ti ìdérí ìgò pẹ́ ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ dáadáa, bí a kò bá ka àkókò tí a fi pọn omi. Mo ti so aṣọ pupa mọ́ igi ní ààlà àwọn méjèèjì. Bí àgbàdo bá gbó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màá wọ̀n wọ́n, màá sì mú iye kílò wọn wá síbí.