Èéfín ọ̀rá tí aládùúgbò wa ń sun ń pa ọmọ mi lára

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Bàbá tó múlé tì wá máa ń dáná sun ìdọ̀tí láàárọ̀: ọ̀rá píọ́ wọ́tà, páńpásì, ike. Èéfín dúdú yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, ọmọ mi tó ní ikọ́ fée á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo kúnlẹ̀ bẹ Bàbá. Wọ́n ní àwọn ò lówó akólẹ̀, owó orí táwọn ń san ńkọ́? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹnì kan ní ká máa dà á sódò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí omíyalé odò Ògùnpa n'Ìbàdàn níbí lọ́dún 1980, nígbà tí ìdọ̀tí dí ojú odò, ẹ mọ̀ pé ìyẹn ò ṣeé gbọ́ sétí. Mo fẹ́ máa bá wọn san owó akólẹ̀, ọkọ mi ní wọ́n á kà á sí àfojúdi. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀ fún wọn?