Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Appalachian Trail, ṣé kí n dá lọ ni àbí kí n mú ọ̀rẹ́ mi dání?

OmoBodija: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Físà ti jáde, oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ rin Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ orí òkè kan l'Amẹ́ríkà, láti Georgia dé Maine, ìpínlẹ̀ 14, bíi kìlómítà 3,500. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Challenge n'Ìbàdàn ní òun máa bá mi lọ, ṣùgbọ́n òun máa ń yára rìn gan-an, èmi ò lè yára bẹ́ẹ̀. Ṣé ká jọ lọ? Báwo sì ni ojoojúmọ́ ṣe ń rí lọ́hùn-ún?

AraOkeAre: Mo rin apá Georgia nígbà tí mo wà níléèwé níbẹ̀. Ẹ ò ní sọnù, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi sàmì sára igi títí dópin, búlúù ló sábà máa ń júwe ibi omi àti ahéré tí wọ́n ń sùn. Ẹsẹ̀ yín tí ò bára dọ́gba yẹn ni wàhálà. Ẹni tó ń yára á máa dúró, inú á máa bí i, ẹni tó ń rọra rìn á fẹ́ lé e bá, orúnkún ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ jọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jọ rìn. Láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti fẹnu kò sórí ahéré tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ wá pàdé níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí kálukú sì ru tẹ́ǹtì, sítóòfù àti oúnjẹ ara ẹ̀ o! Tí ìwọ bá ru tẹ́ǹtì tí òun ru sítóòfù, ọjọ́ tẹ́ ò bá rí ara yín, ebi á pa ọ̀kan, òtútù á mú ìkejì.

IyaIbeji_Apata: Mi ò fi gbogbo ẹnu gbà. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ máa rìn ná, torí níbi púpọ̀ lórí òkè yẹn fóònù ò ní nẹ́tíwọ̀kì. Àbúrò mi, ahéré tí wọ́n ń sọ yẹn, ògiri mẹ́ta péré ló ní, iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á sùn lọ bẹẹrẹ, ìbọ̀sẹ̀ tútù á rọ̀ sókè orí yín, eku á máa sáré kiri, kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù gbogbo èèyàn ti sùn. Ibẹ̀ gan-an lo ti máa rí ẹni tẹ́ ẹ máa jọ rìn, torí àwọn kan náà lẹ ó máa pàdé lálaalẹ́, wọ́n á fún ẹ ní ìnagijẹ, gbà á. Nígbà tí òjò pa mí tí ọwọ́ mi ò lè ṣáná, bàbá arúgbó kan tí mi ò mọ̀ rí ló bá mi se omi, tó ń wo gaàrí mi tìyanutìyanu bó ṣe ń wú, mo bu fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán.

OmoBodija: Ẹ ṣé gan-an mà. Béárì ńkọ́?

IyaIbeji_Apata: Má gbé oúnjẹ wọ tẹ́ǹtì láéláé, kódà ọṣẹ ìfọyín. Inú báàgì ni kó o kó o sí, kó o fi okùn so ó rọ̀ sórí igi jìnnà síbi tó o sùn, àbí kó o ra ike líle tí wọ́n ṣe nítorí béárì.

Moniya_Boy: Ẹ dán ara yín wò n'Ìbàdàn ná. Ẹ di ìrẹsì sínú báàgì, ẹ gùn láti Bẹẹrẹ lọ sí Mápó, ẹ yà sí ilé gogoro Láyípo l'Òkè Àrẹ, kẹ́ ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ kejì nígbà tí ara ń ro yín. Ọjọ́ kejì yẹn lo máa mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ yẹn ṣeé bá rìn.

OmoBodija: Mo ti pè é, ó ní Sátidé yìí. Aago mẹ́fà àárọ̀, Bẹẹrẹ, ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀ kó sọ̀rọ̀.