Ṣé kí a ṣe kéèkì Kérésìmesì nígbà tí bàbá àwọn ọmọ wà lójú ogun?

Ìyá Àdùkẹ́ béèrè:

Mo kí gbogbo ilé. Ológun ni ọkọ mi, wọ́n sì ti rán òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ibùdó kan tó jìnnà gan-an, a kò sì retí rẹ̀ nílé lọ́dún Kérésìmesì yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni a ti máa ń yan kéèkì àti bísíkíìtì ọdún nínú ilé wa, bàbá wọn ló sì máa ń fọ́ ẹyin, tí yóò po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun, tí yóò wá gbàdúrà lé gbogbo rẹ̀ lórí kí a tó gbé e sínú ófùnù. Ní báyìí, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ, ọmọ ọdún 11, ti sọ pé òun kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí bàbá òun yóò fi dé, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni a ó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ìdáná bàbá wọn ṣì wà níbi tó fi kọ́ sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ gbé e kúrò.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ṣé ó tọ́ kí ilé onígbàgbọ́ máa ṣe ọdún, kí òórùn kéèkì gba gbogbo ilé kan, nígbà tí olórí ilé wà níbi tí a kò ti mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá? Ó ń ṣe mí bíi pé kí n fi àsìkò yìí gbààwẹ̀ kí n sì máa gbàdúrà fún un, kí a wá ṣe ọdún nígbà tó bá padà dé. Bí ẹ bá sì ní kí n ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú ohun tí a ń yan ló lè rìn ọ̀nà jíjìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀ láìbàjẹ́?

Ìyá Oníkéèkì dáhùn:

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Olúwa yóò mú ọkọ rẹ padà wálé ní àlàáfíà. Ìyàwó ológun ni èmi náà, kéèkì ni mo sì ń ṣe jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára púpọ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, ṣí ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 17, kí o kà á kí ó tó kan ibi tí Dáfídì ti bá Gòláyátì jà. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Jésè, Élíábù, Ábínádábù àti Ṣámmà, ti bá Sọ́ọ̀lù lọ sójú ogun. Bàbá wọn ti darúgbó, kò lè bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kò káwọ́ lérí. Ó kó ọkà yíyan àti ìṣù àkàrà 10 fún Dáfídì pé kó sáré gbé wọn fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi wàràkàṣì 10 sí i fún balógun wọn, ó ní kó wo bí wọ́n ti ń ṣe, kó sì gba àmì kan bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìgbà yẹn ni Gòláyátì ń jáde láàárọ̀ àti lálẹ́ láti pe Ísírẹ́lì níjà, síbẹ̀ Ìwé Mímọ́ kò bá Jésè wí pé ó ń ro ọ̀rọ̀ oúnjẹ nígbà tí ewu wà nílẹ̀. Àkàrà tí bàbá fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an ló gbé Dáfídì dé ibùdó. N kò lè ka ibẹ̀ tán kí n sì gbà pé iṣẹ́ ilé ìdáná àti àdúrà jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Bí o bá fẹ́ gbààwẹ̀, gbà á. O tilẹ̀ lè gbà á lọ́jọ́ tí o bá ń yan tirẹ̀, kí o máa dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run bí o ti ń po ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n má ṣe gbààwẹ̀ ọdún fún àwọn ọmọ tí kò gbààwẹ̀. Inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo.

Ní ti ohun tó lè rìn jìnnà, omi ló ń ba nǹkan jẹ́. Ohunkóhun tí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí o bá fi ìpara oníwàrà bò, kò ní í dé ibẹ̀ ní pípé. Kéèkì aláwẹ́ èso gbígbẹ ló dára jù fún ìrìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ṣúgà àti èso gbígbẹ tó kún inú rẹ̀ ti di omi rẹ̀ mú, ìhu kò sì rí ọ̀nà tètè wọlé. Bísíkíìtì oníbọ́tà tó gbẹ dáadáa náà ń pẹ́. Àwọn ìdílé ọmọ ogun ní Ọsirélíà àti New Zealand ní bísíkíìtì tiwọn tí a mọ̀ mọ́ àsìkò Ogun Àgbáyé Kìíní: óòtì, ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà, àgbọn àti omi ṣúgà tó ki ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì sí ẹyin nínú rẹ̀, omi ṣúgà yẹn ló ń mú un lẹ̀ mọ́ra. Irú rẹ̀ ni mo máa ń fi ránṣẹ́ jù. Ṣokoléètì kò yẹ fún ibi tó gbóná, nítorí kò tíì gbóná tó ara èèyàn tí ó fi ń yọ́.

Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù pátápátá kí o tó dì í, nítorí èyí tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò là omi sínú ọ̀rá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì rọ̀. Má ṣe di èyí tó gbẹ mọ́ èyí tó rọ̀, torí pé omi inú èyí tó rọ̀ yóò ṣí lọ sínú ìkejì, àwọn méjèèjì yóò sì pàdánù adùn wọn. Èyí tó ní atalẹ̀ tàbí míńtì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rá tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atalẹ̀ ni gbogbo páálí yóò máa ta sánsán. Fi ẹ̀yìn bísíkíìtì méjì kan ara wọn, di wọ́n ní méjì-méjì, tò wọ́n ní ìdúró sínú agolo, kí o fi bébà rírún dí gbogbo àyè tó bá ṣẹ́kù. Nígbà tí o bá lẹ páálí náà tán, gbé e kí o gbọ̀n ọ́n. Bí o bá gbọ́ ìró, tú u kí o sì fi bébà kún un.

Èyí àgbà yẹn, fún un ní iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Kí òun máa fọ́ ẹyin.

Ajagunfẹ̀yìntì dáhùn:

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Èmi ti wà ní ìhà tí páálí ń dé sí, nítorí náà ìhà yẹn ni màá ti sọ̀rọ̀.

Kò sí páálí tó jẹ́ ti ẹnì kan ní ibùdó. Bí wọ́n bá ti gé okùn rẹ̀, gbogbo àgọ́ ló ti mọ̀, ìgbà gbogbo ni a sì máa ń rí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí, tí wọ́n máa ń rọra jáde síta kí ojú má baà tì wọ́n. Nítorí náà, ohun tí Ìyá Oníkéèkì sọ nípa wàràkàṣì balógun dùn mọ́ mi nínú, Jésè mọ bí ogun ṣe rí. Ṣe èyí tó pọ̀. Jẹ́ kí ọkọ rẹ ní nǹkan tó lè pín fún ẹni tí kò ní. Ìyẹn nìkan jẹ́ ayọ̀ ọdún fún ọkùnrin tó jìnnà sí ìdílé rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ibùdó ni a ti ka ọtí léèwọ̀ pátápátá, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì wà tí aṣọ́bodè wọn kì í jẹ́ kí ọtí tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọlé. Kéèkì tí a fi ọtí rin lè fa wàhálà fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Fi omi ọsàn tàbí tíì rin èso náà dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ̀ pé kì í pẹ́ tó ti ọlọ́tí, kí o sì tètè fi ránṣẹ́. Béèrè ọjọ́ tó kẹ́yìn fún ẹrù ọdún lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ìdílé ní ẹ̀ka ọkọ rẹ, torí ọjọ́ yẹn máa ń ṣáájú ohun tí aráàlú ń rò. Má sì ṣe kọ orúkọ ibùdó tàbí ọjọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀ sí ibi tí gbogbo ayé lè rí i, àní bí ayọ̀ bá tilẹ̀ pọ̀ tó.

Bí ọkàn rẹ bá ṣì ń sọ pé ohun kékeré ni bísíkíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogun, rántí àwọn obìnrin méjì láti Salvation Army, ìjọ Kristẹni kan tó ń ran aláìní lọ́wọ́, Helen Purviance àti Margaret Sheldon, tí wọ́n wà lẹ́bàá ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1917. Ìhìn rere ló gbé wọn débẹ̀. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, ọ̀rá ẹran àti mílíìkì inú agolo ni wọ́n rí, wọn kò ní igi ìtẹ̀yẹ̀fun, ìgò ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dín dónọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ogun nínú òjò. Nǹkan bí 150 ni wọ́n rí ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun sì tò dúró dè é. Mo gbà pé ìwàásù ni ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti àdúrà, ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí kan àti Sáàmù kan. Sáàmù 121 ni èmi àti ìyàwó mi máa ń kà, nítorí pé ó sọ nípa Ẹni tí kì í tòògbé, a sì nílò irú Ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Kọ ọ́ sórí káàdì kí o fi sókè páálí, kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ọmọ Bárékè dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú mà. Inú bárékè ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá mi kì í sì sí nílé ní ọ̀pọ̀ ọdún Kérésìmesì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ìyá Oníkéèkì, n kò rò pé ó yẹ kí ẹ fún ọmọ yẹn ní iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ń rí i gẹ́gẹ́ bí ọlá, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni pé àyè bàbá òun ti ṣófo, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò dí i. Bí ó ṣe kọ̀ láti fọwọ́ kan nǹkan yẹn, ó ń ṣọ́ àyè náà ni. Ẹ jẹ́ kó máa ṣọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ ìdáná náà sílẹ̀ níbi tó wà.

Iṣẹ́ Dáfídì ni kí ẹ fún un. Kí ó jẹ́ òun ni alábòójútó páálí: kí ó yan èyí tí kò fọ́, kí ó dì í, kí ó kọ orúkọ sára rẹ̀, kí ó sì bá yín gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí kò bá fẹ́ ìyẹn náà, ẹ máa bá àbúrò rẹ̀ ṣe é, nítorí kò yẹ kí ọmọ kékeré san gbèsè ìbànújẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ààyè bá sì wà, ẹ ní kí bàbá wọn gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń gba àdúrà tó máa ń gbà lórí kéèkì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wọn lọ́jọ́ náà. Àdúrà náà ṣì jẹ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tèmi. Àṣẹ Késárì Augustu ló mú Jósẹ́fù àti Màríà kúrò ní Násárẹ́tì lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ibi tí kì í ṣe ilé wọn ni wọ́n sì bí Jésù sí. Àṣẹ dé láti òkè, ìdílé di ẹrù, wọ́n sì lọ. Kò sí ọmọ ológun tí ìyẹn ṣàjèjì sí.

Ìyá Àdùkẹ́ dáhùn:

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ka ìtàn Jésè fún àwọn ọmọ ṣáájú oorun. Èyí àgbà dákẹ́ títí mo fi kà á tán, ló wá bi mí pé kí ni àwọn ẹ̀gbọ́n Dáfídì fi ránṣẹ́ padà sí bàbá wọn. Mo wò ó, Bíbélì kò sọ. Láàárọ̀, mo bá lẹ́tà kan lórí tábìlì tó kọ sí bàbá rẹ̀, pé páálí ń bọ̀, pé òun ni òun yóò dì í, ṣùgbọ́n kí ó fi àmì kan ránṣẹ́ padà nígbà tó bá gbà á. Nítorí náà a ó ṣe é. Mo ti kọ̀wé béèrè ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo sì ti sọ fún ọkọ mi pé kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìṣòro kan ló kù. Ilé tuntun tí wọ́n kó wa sí wà lórí òkè gíga, láti ìgbà tí a sì ti dé ibẹ̀, kéèkì mi máa ń wú kíákíá, lẹ́yìn náà àárín rẹ̀ á jìn wọlé. Ṣé ófùnù ni?

Ìyá Oníkéèkì dáhùn:

Inú mi dùn, mo sì gba ọ̀rọ̀ Ọmọ Bárékè wọlé. Ó mọ ohun tó ń sọ jù mí lọ.

Ó lè jẹ́ ófùnù, nítorí náà ra òǹwọ̀n ooru kékeré tí wọ́n ń gbé sínú rẹ̀, torí pé nọ́ńbà tó wà lára ófùnù ilé ìjọba kì í sábà bá ooru inú rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ohun tí o ṣàlàyé yìí jọ ti òkè. Bí ibi kan bá ti ga ju nǹkan bí mítà 900 lọ, afẹ́fẹ́ kò tẹ kéèkì mọ́lẹ̀ tó ti ìsàlẹ̀, nítorí náà ó máa ń wú kí inú rẹ̀ tó jinná tó láti gbé ara rẹ̀ ró, omi inú rẹ̀ sì ń tètè gbẹ. Dín békìn páódà kù díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí o yọ ṣíbí ṣúgà kan kúrò nínú ife kọ̀ọ̀kan, fi ṣíbí omi tàbí mílíìkì kan tàbí méjì kún un, kí o sì jẹ́ kí ófùnù gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí 10°C. Yóò tètè jinná, nítorí náà máa yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú àsìkò. Bísíkíìtì kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí òkè, ìdí sì nìyí tí mo fi rò pé kí o fi bísíkíìtì bẹ̀rẹ̀ páálí ọkọ rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì máa dán kéèkì kékeré wò fún ilé títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi bọ́ sí i.