Ímeèlì ẹgbẹ́ wa ń bọ́ sínú spam, ẹ gbà mí o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa sáfà ímeèlì (kọ̀ǹpútà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́), mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Sáfà tiwa la fi ń fi ìṣirò owó oṣooṣù ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ilé-iṣẹ́ ímeèlì ńlá kan ń jù ú sínú spam (àpótí ímeèlì tí wọ́n fura sí), ó sì ń dá òmíràn padà pẹ̀lú 550 5.7.1, ìyẹn àmì pé wọn ò gbà á wọlé. SPF, DKIM àti DMARC, ìyẹn àwọn ètò tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, pé. PTR, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ orúkọ tí IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì sáfà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ń jẹ́, náà bá orúkọ sáfà mu. Mo wo Spamhaus, tó ń ṣe àkójọ àwọn IP tó ń fi spam ránṣẹ́, IP wa ò sí níbẹ̀. Àfi bó bá jẹ́ pé àwọn tí IP wọn sún mọ́ tiwa ló ń kó bá wa. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ kì í wo spam rárá, wọ́n ti ń rò pé a fẹ́ gbé owó wọn sá lọ! Mo kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀bẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ímeèlì náà, èsì ẹ̀rọ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ṣé kí n pààrọ̀ IP ni, àbí kí n máa gba ọ̀dọ̀ relay (sáfà ẹlòmíràn tí yóò máa bá wa fi ímeèlì ránṣẹ́)?